Ọ̀ràn Ìyá Ìbejì: Ibi Tó Ti Yẹ Kó Sọ̀rọ̀ àti Ibi Tó Ti Yẹ Kó Dákẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023, obìnrin kan jókòó síwájú mi nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwa mẹ́ta ti máa ń bá àwọn èèyàn wa ka lẹ́tà tó bá rú wọn lójú, tí a sì máa ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù láìgba kọ́bọ̀. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí èèyàn bá sì pe Ìyá Ìbejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kéré tán, obìnrin mẹ́rin ni yóò dáhùn, nítorí náà orúkọ yẹn kò lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ìwé kan ló mú wá. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ó sì fi há àárín Bíbélì rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ṣe ló ń kákò padà fúnra rẹ̀, tí mo ní láti fi ìka tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè kà á. Ìwé DBS ni, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń wá, ìlà díẹ̀ wà níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi, orúkọ ilé ẹjọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, àti ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ ni, ọdún 2011.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sọ fún mi pé ó ti parí."

Ọdún 2004 ló wọ Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò. Físà tán, kò padà sílé. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe nígbà náà, ìwé ẹlòmíì ló fi ń ṣiṣẹ́: ó gbé páálí obìnrin kan tí ojú wọn fara jọra fún ilé iṣẹ́ tó ń gbá ọ́fíìsì lálẹ́, owó oṣù ń wọ àkáǹtì ẹni tó ni páálí, ẹni yẹn á sì yọ tirẹ̀ kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Ní 2011, wọ́n mú un níbi iṣẹ́. Òfin ìwé ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2010 ni wọ́n fi bá a ṣẹjọ́; ó gbà pé òun jẹ̀bi, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́rin ló lò ní Holloway, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin tí wọ́n ti tì pa ní 2016, kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ parí ìyókù níta. Àwọn ìbejì kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbà wọ́n sílé. Ní Èkìtì, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ara rẹ̀ kò yá, ìdí nìyẹn tí kò fi lè pe fóònù. Títí di òní, ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Nítorí pé ẹ̀wọ̀n náà kò pé ọdún kan, òfin 2007 tó ní kí ìjọba dá àjèjì tó bá gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò mú un. Ní 2017, ó rí ìwé ìgbélùú gbà nítorí àwọn ọmọ tó bí síbí, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú ìrànwọ́ ìjọba, ìyẹn ni pé kò lè tọrọ ilé káńsù. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń ṣe, ní orúkọ ara rẹ̀ báyìí, òun àti àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n ti ga jù ú lọ sì ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo nínú ilé tí àwọn mìíràn ń bá wọn gbé. Ó ti kọ́ iṣẹ́ kéà, ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan sì ti ní àwọn yóò gbà á bí àyẹ̀wò DBS bá ti jáde. Òun ló wá jáde yìí.

Òfin tí àwọn tó sọ fún un pé ó ti parí ń tọ́ka sí wà lóòótọ́. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é, ohun tó sì sọ ni pé bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi bá ti jìyà rẹ̀ tán, tí iye ọdún kan sì ti kọjá lórí rẹ̀, kí òfin máa wò ó bí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ náà rí. Lábẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2014, ẹni tó bá gba ẹ̀wọ̀n tó ju oṣù mẹ́fà lọ àmọ́ tí kò ju ọgbọ̀n oṣù lọ yóò dúró fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀wọ̀n náà bá pé. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ti dín in kù sí ọdún kan péré fún ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò bá ju ọdún kan lọ. Oṣù mẹ́jọ ti Ìyá Ìbejì pé ní 2012, nítorí náà láti 2016 ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ lójú òfin. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń lò fún owó tí a ti ná, àfiwé náà sì péye ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ. Owó tí a ti ná kò sí lápò mọ́, ẹni tó bá tú àpò rẹ kò ní bá a níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gba ìwé àkáǹtì rẹ ní báńkì yóò rí ọjọ́ tí o ná an àti ibi tí o ná an sí.

Àyẹ̀wò DBS kékeré, àpò ló ń tú. Èyí tó jinlẹ̀ jù lọ, ìwé báńkì ló ń gbà. Láti 1975 ni wọ́n ti yọ àwọn iṣẹ́ kan kúrò lábẹ́ ààbò òfin 1974, títọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìsàn sì wà lára wọn lónìí. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké kan wà tí wọ́n máa ń sẹ́ kúrò nínú ìwé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í sí lára wọn, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọlọ́pàá sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà títí ẹni tó ni ín yóò fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ìwé yìí tó jáde ni ohun tó ba ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà béèrè bóyá ó ní ìdálẹ́bi kankan "tí òfin kò dáàbò bò" lábẹ́ àṣẹ 1975, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe rẹ̀. Gbólóhùn náà gùn, ó sì díjú. Mo ka ọ̀kan nínú irú rẹ̀ fún agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ wa, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí n kà á kó tó fèsì. Ìyá Ìbejì bi àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè. Wọ́n ní, "Aǹtí, ó ti pé ọdún méjìlá, ẹ kọ Bẹ́ẹ̀ kọ́ síbẹ̀." Ó kọ Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwé DBS kì í lọ bá agbanisíṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Òun ló kọ́kọ́ rí i, tó sì lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀ kó tó gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà.

Wọn kò gbà á mọ́. Ìlànà DBS ní kí agbanisíṣẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá hàn nínú ìwé kó tó gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀, lórí fóònù, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá náà ní bó bá ti kọ Bẹ́ẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ì bá jókòó sọ ọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọdún méjìlá sẹ́yìn lórí ìwé ìṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tó máa ń da àwọn láàmú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn ni àwọn kò lè gbójú fò. Mo gba ọ̀gá náà gbọ́ díẹ̀, n kò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè fi já a nírọ́, torí pé níbi tó ti yẹ kí obìnrin yìí sọ̀rọ̀, ó dákẹ́.

Ohun tí ìyẹn ṣe sí i lọ́kàn ló fa àṣìṣe kejì. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, òun ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé òun kò tún ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́, mi ò sì fọkàn sí i tó, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbànújẹ́ bá lásán ni. Èmi ni mo jẹ̀bi èyí.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ń gbé ní òun fẹ́ tà á, kí gbogbo wọn wá ibòmíràn lọ. Ó rí ilé oníyàrá méjì ní Thamesmead, £1,500 lóṣù. Ó san £346, owó ọ̀sẹ̀ kan, kí ejẹ́ǹtì má bàa fi ilé náà han ẹlòmíràn mọ́. Òfin 2019 kò gbà kí wọ́n gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ejẹ́ǹtì yẹ ìwé ìgbélùú rẹ̀ wò, nítorí pé láti 2016 ó ti di dandan fún gbogbo onílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti rí i dájú pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ìlú. Ìwé náà dára. Ó wá kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, ejẹ́ǹtì pè é lórí fóònù nípa ọjọ́ tí yóò kó wọlé, ó sì béèrè, bí ẹni tó ń dágbére, bóyá nǹkan mìíràn wà tó yẹ kí àwọn mọ̀.

Ó wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò ti yẹ kó sọ̀, ó dúró ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: páálí, ilé ẹjọ́, Holloway, oṣù mẹ́rin, àwọn ọmọ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ejẹ́ǹtì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òtítọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, onílé ti yí ọkàn padà.

Nínú ọ̀ràn ilé, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, àfi ìgbà tó la ẹnu. Bí onílé tàbí ejẹ́ǹtì bá bi ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, òfin 1974 ní kí a ka ìbéèrè náà sí èyí tí kò kan ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ó lè dáhùn pé Bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì sí ẹni tó lè fìyà jẹ ẹ́ fún un. Àyẹ̀wò kékeré nìkan ni onílé lè ní kó ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sì ní jáde nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Nígbà tí onílé ti gbọ́, kò sí òfin tó lè mú un ní tipá láti fún un nílé, nítorí òfin ìdọ́gba ti 2010 tó ní kí a má fi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí àbùkù ara du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ kò ka ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n mọ́ wọn.

Ejẹ́ǹtì tún fẹ́ pa £346 náà mọ́, ó ní Ìyá Ìbejì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni inú bí mi. Mo gba fọ́ọ̀mù ọ̀hún, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀: kò sí ibi kankan tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. A kọ lẹ́tà, a ṣàlàyé pé onílé ló yẹ àdéhùn, pé òfin 2019 fún wọn ní ọjọ́ méje láti dá owó padà, pé ayálégbé kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Owó náà wọlé ní ọjọ́ kẹsàn-án, láìsí ọ̀rọ̀ kankan.

Nígbà tí mo wá ṣàlàyé fún un pé ó lè dákẹ́ níbi ọ̀rọ̀ ilé, ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ mú un dẹ́ṣẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n purọ́ ni? Àìsọ ni mo ṣe tí mo fi pàdánù iṣẹ́." Mo ní bí àlejò bá bi í pé èló ni owó tó wà ní àkáǹtì rẹ̀, tó sì ní kò kàn án, ṣé irọ́ ló pa? Ó ní ìyẹn yàtọ̀, torí pé nínú ìyẹn ó sọ pé kò kàn án, kò sọ pé òun kò lówó. Mo rò ó títí, mo sì gbà pé ó borí mi. Bẹ́ẹ̀ Kọ́ tí òfin fún un láṣẹ láti sọ, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e, kò sì sí ẹni tó lè fi òfin lu ìyẹn pa.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni £18. Iye tí àyẹ̀wò DBS kékeré jẹ́ nìyẹn nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè béèrè tirẹ̀ fúnra rẹ̀. A béèrè rẹ̀. Nígbà tó dé, ohun tí wọ́n kọ síbi ìdálẹ́bi ni pé kò sí ohunkóhun ní àkọsílẹ̀. Ó jókòó, ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà bí ọmọ iléèwé tó ń ka ABD, ó sì ní, "Àwọn ni wọ́n sọ ọ́, èmi kọ́." Láti ìgbà yẹn, bí onílé bá béèrè, kò ní láti la ẹnu rárá, ìwé ìjọba ni yóò fi lé e lọ́wọ́.

Ìwé yẹn kò wúlò fún ọ̀ràn iṣẹ́ kéà ṣá, níbi tí àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù lọ, ìwé báńkì yẹn, ti máa ń jáde. Fún ìyẹn, lẹ́tà ìjẹ́wọ́ la kọ, èyí tí yóò máa fi sínú àpòòwé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ó ti kọ Bẹ́ẹ̀ ni sí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ gùn ní ojú ìwé mẹ́ta. Sátánì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ ṣàánú mi wà níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò sì sí níbì kankan. Mo sọ fún un pé ọ̀gá ilé ìtọ́jú kì í ṣe wòlíì: ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí o ṣe, ìgbà tí o ṣe é, ìdí tí o fi ṣe é, àti ìdí tí kò fi lè ṣẹlẹ̀ mọ́. A gé Sátánì kúrò. A kọ ọ́ pé ìwé ẹlòmíì ló fi ṣiṣẹ́ nígbà tí kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Pé kò jí ohunkóhun níbi iṣẹ́, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Pé láti 2017 ló ti ní ìwé tirẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀ láìsí ẹ̀sùn. Pé ìdí tí ẹ̀ṣẹ̀ náà fi wáyé, ìyẹn àìníwèé, ti kúrò nílẹ̀. Gbólóhùn yìí gan-an ni mo rò pé ó ṣiṣẹ́ jù lọ, nítorí ìbẹ̀rù agbanisíṣẹ́ kì í ṣe pé o ṣẹ̀ rí, bí kò ṣe pé o lè tún ṣe é. Ojú ìwé kan ni gbogbo rẹ̀.

Ibi mẹ́ta ló fi ránṣẹ́ sí. Méjì kò fèsì. Ẹ̀kẹta pè é, ọ̀gá ibẹ̀ gbé lẹ́tà náà síwájú, ó bi í ní ìbéèrè méjì lórí rẹ̀, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì, torí pé wọ́n ní láti ní àkọsílẹ̀ ìdí tí wọ́n fi gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, bí a ṣe ń gbé arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sọ títí wọ́n fi parí. Oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òru mẹ́rin lọ́sẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó rí ilé, kò jìnnà sí Thamesmead, ó fi díẹ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó mú ìwé £18 náà dání lọ sọ́dọ̀ ejẹ́ǹtì, ó tẹ́ ẹ dáadáa sínú fáìlì ike kó má bàa kákò. Ejẹ́ǹtì kò béèrè rẹ̀. Ìwé owó oṣù mẹ́ta àti onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá, ìwé owó oṣù mẹ́ta iṣẹ́ kéà ló sì gbé sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ṣì kù níwájú rẹ̀. Ní 2027, ọdún mẹ́wàá ìwé ìgbélùú rẹ̀ yóò pé, bí òfin kò bá sì yí padà, yóò lè tọrọ ìgbélùú ayérayé. Láti 2012, òfin 1974 kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn ìwọ̀lú àti ọmọ-ìlú: ohun tí wọ́n bá béèrè níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kó sọ, bó ti wù kó pẹ́ tó. Òfin kò gbà kí ẹni tí kò ní àṣẹ bíi tèmi fún un nímọ̀ràn lórí ìyẹn, nítorí náà mo ti fi í lé agbẹjọ́rò tó ní àṣẹ lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ti pàdé lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà ojú ìwé kan yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò ní kó mú wá, Ìyá Ìbejì sì ní òun ti ní ẹ̀dà mẹ́fà.